Ọwọ́ Wa Wà Nínú Èéfín Tó Ń Mú Ayé Gbóná

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹni tó bá ń gbé ní Àpáta níbí mọ bí alẹ́ ṣe máa ń rí. Kété tí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kan á dún lẹ́yìn ilé, òmíràn á dá a lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹ irun, ti mọ́sáláṣí náà á sì tẹ̀lé e, nítorí àsìkò ìrun ìṣáì ti wọlé. Ojú títì Abẹ́òkúta àtijọ́ tó gba àárín wa kọjá mọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ agbépo dáadáa, nítorí dípò epo NNPC wà ládùúgbò wa. Ará Àpáta kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ epo.

Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá dìde lẹ́yìn ìrun jímọ̀, tó ní kí á sọ̀rọ̀ lórí èéfín àti ayé tó ń gbóná sí i, ìdáhùn mẹ́ta ni yóò gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìyẹn." Ẹnì kejì á ní, "Kádàrá Ọlọ́hun ni." Ẹnì kẹta á ní, "Ìjọba àti àwọn oníṣẹ́ epo ni kí ẹ lọ bá." Mo fẹ́ kí á gbé ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí òṣùwọ̀n lónìí. Òtítọ́ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, n kò jiyàn. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ti ń fi òtítọ́ yẹn bo ẹ̀bi tiwa mọ́lẹ̀, Músùlùmí òdodo kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ Òyìnbó nìyẹn"

Lóòótọ́ ni. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń sun èédú, epo àti gáàsì, tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ àti ojú irin wọn. Títí di òní, bí a bá pín carbon dioxide tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń tú sójú sánmọ̀ lọ́dún kan fún àwọn èèyàn rẹ̀, ti ará Amẹ́ríkà kan lé ní tọ́ọ̀nù 13, ti ọmọ Nàìjíríà kan kò sì pé tọ́ọ̀nù 1. Ẹni tó bá ní kí ìyá tó ń fi igi dáná ní Ọmí-Àdìó ru ẹrù kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, alábòsí ni.

Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn bá ti pọ̀, tiwa ti di láádá? Bí aládùúgbò rẹ bá jí màlúù, tí ìwọ jí adìyẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ síwájú adájọ́, màlúù tirẹ̀ kò ní gba adìyẹ tìrẹ sílẹ̀. Al-Kùránì là á yé wa níbi tó ju ẹyọ kan lọ pé ẹlẹ́rù kan kò ní ru ẹrù ẹlòmíràn. Àwọn Òyìnbó yóò jíhìn tiwọn. Àwa náà yóò jíhìn tiwa.

Tiwa kò sì kéré mọ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 1991 kà wá sí nǹkan bí mílíọ̀nù 89. Ti ọdún 2006 kà wá sí mílíọ̀nù 140. Lónìí, a ti lé ní igba mílíọ̀nù. Díẹ̀díẹ̀ tó ń ti ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wa jáde, bí a bá kó o jọ, ó ti di òkè.

Ohun tó wà nínú ìwé ìṣirò wa

Kí á tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń sọ. Àwọn afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe bí kúbùsù sí ayé lára. Ooru oòrùn á wọlé, wọn ò sì ní jẹ́ kó jáde tán. Ọlọ́hun fi ìwọ̀n wọn síbẹ̀ kí ayé má baà di yìnyín. Ohun tí ọwọ́ ọmọ aráyé ṣe ni pé ó ń fi kúbùsù lé kúbùsù. Carbon dioxide ni olórí wọn, ó ń ti inú ohun tí a bá sun jáde. Methane ni ìkejì, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ sì ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 28 carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kọ ìṣirò tiwa ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò náà, ohun tí Nàìjíríà tú sójú sánmọ̀ ní ọdún 2018, tí a bá wọn gbogbo rẹ̀ bíi carbon dioxide, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 347 tọ́ọ̀nù. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Epo, gáàsì, iná mànàmáná, ọkọ̀ àti ìdáná kó nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹran ọ̀sìn àti igbó tí à ń gé kó nǹkan bí ìdá 25. Ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin kó nǹkan bí ìdá 9. Ilé iṣẹ́ ńláńlá, bíi ti sìmẹ́ńtì, kó nǹkan bí ìdá 5.

Ẹ wo ìdá 60 yẹn dáadáa. Apá kan nínú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀: gáàsì tí wọ́n ń dáná sun ní àwọn kànga epo ní Niger Delta dínkù ju ìlàjì lọ láàárín ọdún 2000 sí ọdún 2020. Èyí tó ń gòkè ni ti ojú ọ̀nà àti ti ẹ̀yìn ilé, ìyẹn ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Lítà epo bẹntiróòlù kan, bí a bá sun ún tán, á tú tó kílò 2.3 carbon dioxide jáde. Ilé tó bá ń sun lítà méjì lálẹ́ fún jẹnẹrétọ̀ kékeré, láàárín ọdún kan, ó ti sun lítà 730, ó sì ti tú ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ jáde. Ka iye jẹnẹrétọ̀ tó wà ní àdúgbò rẹ nìkan, kí o tó sọ pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni.

Ẹ wo ti igbó. Láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni igbó ọba Olókèméjì wà, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1899. Igi ń gba carbon dioxide mọ́ra. Lónìí, àpò èédú ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Igi tó lo ogójì ọdún láti dàgbà, ọjọ́ mélòó kan la fi sọ ọ́ di èédú, a ò sì gbin òmíràn.

Ẹ wo ti ààtàn. Ajákangà, Àwọ̀tán, Lápìtẹ́ àti Àba-Èkú ni ìdọ̀tí Ìbàdàn ń lọ. Oúnjẹ tó bá jẹrà lábẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí atẹ́gùn kò lè dé, methane ló ń tú jáde. Nínú oúnjẹ yẹn ni àjẹkù wàlímọ̀ wa wà, àti ti ìkómọ, àti ti ìsínu ààwẹ̀. Súúrà Al-Isrá pe àwọn onínàá-àpà ní ọmọ ìyá èṣù. Ta ni a rò pé Ọlọ́hun ń bá wí?

Ẹ sì wo ti ilé iṣẹ́. Bí o bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta láti Àpáta títí, wàá dé Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Ti Ìbèṣè náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012. Iná tí wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun ń rú èéfín, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú carbon dioxide tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí á má kọ́lé. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ́ mọ́sáláṣí kejì sí ìwájú ti àkọ́kọ́ nítorí ìjà oyè, tí méjèèjì kò sì kún ní àsùbáà, kí ni a máa wí?

"Kádàrá Ọlọ́hun ni"

Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú kádàrá Ọlọ́hun ni. Ẹni tó bá tako èyí ti tako òpó kan nínú ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ọjọ́ kan.

Ọjọ́ jímọ̀ ni, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti pé ọjọ́ 26, alẹ́ ọjọ́ náà sì ni òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi wá òru abiyì, Láílátùl-Kọ́dírì. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá. Omi tó rọ̀ lé ní 180 mílímítà. Odò Ọ̀nà kún, Ògùnpa kún, afárá wó, ilé lọ, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì kú ní Ìbàdàn. Àwọn àgbà tó rántí Omíyalé ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ní ọ̀rọ̀ náà tún ti dé.

N kò sọ pé èéfín nìkan ló fa ọ̀gbàrá yẹn. A kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. A da náílọ̀n píọ̀ wọ́tà sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan, omi tó lè gbé máa ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Òjò tí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dà sílẹ̀, ó máa ń wúwo. Nígbà náà, èéfín wa ń mú òjò wúwo, ìdọ̀tí wa sì ń dí ọ̀nà tó yẹ kó gbà lọ. Súúrà Ar-Rúm, áyà kọkànlélógójì, sọ fún wa pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn ló mú kí ìbàjẹ́ hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi, kí wọ́n lè tọ́ apá kan wò nínú ohun tí wọ́n ṣe, bóyá wọn yóò ṣẹ́rí padà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ní ọwọ́ wa ni. Ìwọ ní kádàrá ni. Ta ni kí á gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Nígbà tí Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn òun padà. Abu Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló fẹ́ sá fún. Ìdáhùn Umar, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim, ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni àwọn ń sá bọ́ sínú kádàrá Rẹ̀ mìíràn. Ẹni tó lóye ẹ̀sìn nìyẹn. Kádàrá kì í ṣe ìrọ̀rí tí ọ̀lẹ fi ń sùn.

"Ìjọba àti àwọn oníṣẹ́ epo ni"

Níbí yìí, ẹ̀bi náà tóbi, mi ò sì ní fi epo pa á. Ní ọdún 1979 ni ìjọba ṣòfin lórí gáàsì tí wọ́n ń dáná sun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, wọ́n sì fún àwọn oníṣẹ́ epo di ọjọ́ kìíní ọdún 1984 láti jáwọ́. Ọjọ́ náà kọjá. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, òun náà kọjá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Benin City dájọ́ pé dídáná sun gáàsì bẹ́ẹ̀ ta ko ẹ̀tọ́ tí àwọn ará Ìwherekan ní láti wà láàyè. Iná náà ń jó títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Lóòótọ́ ó dínkù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ṣáájú, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó ń sun gáàsì jù láyé. Ilẹ̀ wa ń sun gáàsì dànù lójú sánmọ̀, ìyá Ràmọ́tù sì ń fi ẹnu fẹ́ iná igi nítorí owó gáàsì ìdáná ti ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá yẹn ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó ń sun ohun tí kò lò ni ọ̀daràn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari lọ sí Glasgow, ó ṣèlérí pé tó bá máa fi di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín tó ju èyí tó lè gbà padà lọ. Oṣù yẹn kan náà ló fọwọ́ sí òfin lórí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Àdéhùn ni. Ọlọ́hun yóò sì bèèrè àdéhùn. Ojúṣe wa ni láti bi àwọn aṣòfin wa léèrè ọdọọdún pé báwo ni wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ. Ẹni tó ń gba ìbò wa nígbà tó bá wá sí mọ́sáláṣí wa, kí ó gba ìbéèrè wa náà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi wọ́n léèrè tán, kí ni kí á padà wá ṣe nílé? Nu'man ọmọ Bashir gba hàdíìsì kan wá tó wà nínú ìwé Bukhari. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi àwọn èèyàn kan ṣe àpẹẹrẹ, tí wọ́n pín ọkọ̀ ojú omi láàárín ara wọn. Àwọn kan bọ́ sókè, àwọn kan bọ́ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ní àwọn á kúkú lu ihò sí ibi tó kan àwọn, kí àwọn lè máa rí omi pọn láìyọ ará òkè lẹ́nu. Bí àwọn ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n á rì. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni wọ́n á là.

Ọmọ ìyá mi, nínú ọkọ̀ yìí, àwọn ará òkè ń lu ihò ńlá, àwa ará ìsàlẹ̀ náà sì ń lu kékeré. Omi tó bá wọlé kò ní bèèrè ihò ẹni tí òun gbà.

Nígbà náà, kí ni kí á ṣe?

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó igba náírà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Láti ìgbà náà, a ti ń rí pánẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé ilé àti ti mọ́sáláṣí. Ohun tí wàásù kò lè mú wa ṣe, ọ̀wọ́n epo mú wa ṣe é. Kò burú. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí láádá rẹ̀ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Tún àníyàn rẹ ṣe. Bí o bá pa jẹnẹrétọ̀ nítorí owó, owó ni èrè rẹ. Bí o bá pa á nítorí kí ọmọ aládùúgbò rẹ má baà fa èéfín olóró sínú, àti kí ilẹ̀ Ọlọ́hun má baà bàjẹ́, ó ti di ìjọ́sìn. Ànábì kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Ìdílé mélòó ni a ti gbọ́ pé wọ́n sùn pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ nítòsí fèrèsé, tí wọn ò jí? Ìnira wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí, owó tí ẹ fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀ ńlá àti ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ kọ́kọ́ fi ra sólà tó lè gbé ẹ̀rọ ìpèrun, fáànù àti gílóòbù. Sàdákà tí kò dópin ni. Ẹ̀yin lèmọ́mù wa, a ti gbọ́ kútúbà púpọ̀ lórí aṣọ obìnrin. Ẹ fún ilẹ̀ àti omi ní jímọ̀ kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wọn oúnjẹ wàlímọ̀ kí ẹ tó sè é, kí ẹ sì ti mọ ẹni tí àjẹkù máa bọ́ kó tó di ti ààtàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tiyín ló pọ̀ jù, nítorí ẹ̀yin lẹ máa gbé inú ooru yìí pẹ́ jù. Ẹ kọ́ iṣẹ́ sólà, owó wà níbẹ̀, láádá sì wà níbẹ̀. Ẹ gbin igi. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Moor Plantation kò jìnnà sí wa, ẹ lọ bi wọ́n léèrè igi tó bá ilẹ̀ wa mu. Ànábì wa gbà wá níyànjú pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá dé, tí irúgbìn sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, kó gbìn ín bó bá lágbára rẹ̀. Bí a kò bá gbọdọ̀ sọ irúgbìn nù lọ́jọ́ tí ayé ń parí, ẹ̀rí wo ni a ní lónìí tí ayé ṣì wà?

Nígbà míì tí iná bá lọ lálẹ́, tí ọwọ́ rẹ bá ti ń lọ síbi okùn jẹnẹrétọ̀, dúró díẹ̀. Bi ara rẹ léèrè wákàtí tó pọn dandan kí ó fi ṣiṣẹ́. Bí o bá yọ wákàtí kan péré kúrò, o ti yọ ẹ̀bi díẹ̀ kúrò nínú ìwé tí wọn yóò fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ọlọ́hun Ọba, ṣàforíjìn ohun tí ọwọ́ wa ti bàjẹ́. Kẹ́ àwọn tí ọ̀gbàrá gbé lọ ní Ìbàdàn. Fún àwọn olórí wa ní ọkàn tó ń bẹ̀rù Rẹ, kí O sì jẹ́ kí á di ọwọ́ ara wa mú kí ọkọ̀ yìí tó rì. Àmín.